Irọ́ Tí Mo Pa Lórí Ọ̀pá Ọkọ̀ Tonton Bio

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Mi ò ní kí yín pẹ́. Inú ń bí mi, ẹni tí inú ń bí kì í mọ̀ ọ́n kí.

Ẹrù kan wà lọ́rùn mi láti òjò ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìmáámù. Mo ń kírun, mo ń gbààwẹ̀, mo ń bá àwọn ènìyàn ṣe àmín níbi àdúrà, ọ̀rọ̀ náà sì jókòó sínú mi. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé bàbá mi ń ṣàìsàn, wọ́n sì ti sọ lójú gbogbo ẹbí pé tí àwọn bá kú, àbúrò mi ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọ sàárè àwọn, kò gbọdọ̀ tò sẹ́yìn níbi tí wọ́n bá ti ń kírun sí àwọn lára. Nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún, èmi ni mo dá a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Tí ẹ bá kà á tán, kí ẹ bú mi bó ṣe wù yín.

Ará Tchaourou ni mí. Nàgó ni wá, mùsùlùmí ni wá, iṣẹ́ irin sì ni iṣẹ́ ilé wa. Bàbá ní atelíè kan, ìyẹn ilé iṣẹ́ irin, lẹ́bàá ọ̀nà Parakou. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó máa ń yí irin po, tí a ó wá máa fi ọ̀bẹ líle gbẹ́ irin náà bó ṣe ń yí. Ọwọ́ la fi ń darí ọ̀bẹ yẹn, ojú àti etí la fi ń mọ ibi tó dé. Ohun tí wọ́n mọ̀ wá mọ̀ jù ni ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, ìyẹn ọ̀pá irin gígùn tó ti ara ẹ́ńjìnnì jáde wọnú omi, tí abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ síwájú wà nídìí rẹ̀. Lápá Bétérou, àwọn kan ní oko iṣu ní òdìkejì odò Ouémé, afárá sì jìnnà sí wọn. Tí òjò bá ti dé, àfi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn atukọ̀ wọn ti ń gba ọ̀pá.

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé Bàbá ló ń gbẹ́ ẹ. Irọ́ ni. Èmi ni.

Nígbà tí ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, àbúrò mi wà ní Cotonou níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo wà nílé. Bàbá kọ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn atukọ̀ kò gbọdọ̀ mọ̀, torí wọ́n ní irin tí obìnrin bá gbẹ́ kò gbọdọ̀ wọnú odò. Ibi tí wọ́n ti rí òfin yẹn, èmi ò mọ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti ń bọ̀, Bàbá á wúkọ́. Ikọ́ yẹn ni àmì wa. Màá pa ẹ̀rọ, màá gba ẹ̀yìn jáde, màá wá gba iwájú wọlé pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ bí ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún bàbá rẹ̀. Atukọ̀ á ní, "Bàbá, ọwọ́ yín kò ní rọ o!" Bàbá á ní àmín. Èmi á gbé abọ́ kalẹ̀.

Ẹ máa bá mi fojú inú wo ọwọ́ mi tó kún fún epo àti èérún irin nídìí abọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ náà rí.

Òfin kan tún wà ní atelíè wa, èyí ni Bàbá fúnra wọn bá lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹni tó gbẹ́ irin kì í dá irin rẹ̀ láre. Wọ́n ní ojú ẹni tó ṣe nǹkan máa ń ṣàánú nǹkan ọ̀hún. Nítorí náà, ẹlòmíràn ló máa di ojú rẹ̀, táá fi èékánná wọ́ ara irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Tí èékánná kò bá kọ́ níbì kankan, onítọ̀hún á sọ pé, "Ó dán." Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni. Tí kò bá sọ ọ́, irin ń padà sórí ẹ̀rọ, kò sí àríyànjiyàn. Tó bá sì sọ ọ́, ẹnì kan láti atelíè wa á bá ọkọ̀ yẹn sọdá odò lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ rìn, kí àwọn èrò lè mọ̀ pé ẹ̀mí tiwa náà wà níbẹ̀. Bàbá ló máa ń lọ nígbà gbogbo.

Báyìí la ṣe ń ṣe é títí Ràímì fi dé. Ràímì ni n ó máa pe àbúrò mi níhìn-ín, orúkọ rẹ̀ kọ́. Ìyá kan náà ló bí wa, àwa méjì péré.

Ó dé pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tí wọ́n já ní èbúté Cotonou, àlòkù ará òkèèrè, èyí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ẹ̀rọ yẹn, torí mo ti parọ́ tó. Ó mọ iṣẹ́. Ràímì á ya ọ̀pá sínú kọ̀ǹpútà, á kọ nọ́ńbà sí i, á tẹ bọ́tìnì, á jókòó. Omi funfun á máa dà lé irin lórí, ọ̀bẹ á máa lọ, á máa bọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí mò ń fi odindi ọjọ́ gbẹ́, kí ìrẹsì tó jinná lórí iná, ó ti parí. Tí ẹ bá sì to àwọn ọ̀pá rẹ̀ jọ, ẹ ò ní mọ àkọ́bí yàtọ̀ sí àbíkẹ́yìn. Tèmi kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tèmi ló ní ìwà tirẹ̀.

Ńṣe ni àwọn atukọ̀ ń rọ́ wá wò ó. Olórí wọn ni Tonton Bio, ọmọ Bàátọ̀nú kan, ìyẹn Bàrìbá, tó gbọ́ Nàgó ju àwa tí a bí sínú rẹ̀ lọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó fọwọ́ lé ọ̀pá kan, ó pariwo pé, "Vraiment, ẹ wo nǹkan! Ọwọ́ ènìyàn kankan ò kàn án!" Gbogbo wọn ń mi orí. Ọwọ́ ènìyàn kankan ò kàn án. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé omi yìí mọ́, ó ṣeé mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e wò. Irin tí ọwọ́ ènìyàn kankan ò kàn, wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀. Irin tí ọwọ́ obìnrin bá kàn, yóò gbé wọn rì. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń sọdá lórí irin ọwọ́ mi, tí wọ́n ń kó ìyàwó wọn, tí wọ́n ń kó ọmọ wọn, odò kò gbé ẹyọ ẹnì kan. Inú bí mi débi pé mo lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé, mo ń gé koríko tí kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ràímì kò ṣe mí níbi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá kí n kọ́ yín. Ó rọrùn, c'est simple, ọmọdé gan-an lè ṣe é." Mo mọ̀ pé ire ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn fi ojú àti ẹ̀yìn kọ́ iṣẹ́, kí àbúrò rẹ̀ wá sọ fún un pé ọmọdé lè ṣe é, ẹ̀yin náà ẹ sọ bó ṣe máa rí lára yín. Mo ní ọwọ́ mi dí. Ó sì mọ̀ pé kò dí, torí kò sẹ́ni tó ń gbé iṣẹ́ fún ẹ̀rọ mi mọ́.

Ọ̀pá Tonton Bio ni ọ̀pá ńlá tí Ràímì kọ́kọ́ gbẹ́. Ọkọ̀ rẹ̀ ló tóbi jù lójú odò yẹn. Àwọn atukọ̀ ti kún atelíè láti wò ó. Ràímì gbé ọ̀pá náà kúrò lórí ẹ̀rọ, ó nù ún, ó sì gbé e tọ̀ mí wá níbi tí mo jókòó sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fọwọ́ bà á." Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ṣe é. Ó ní ẹ̀rọ tí kì í ṣìnà, síbẹ̀ ó tẹ̀lé òfin bàbá rẹ̀.

Tonton Bio bú sẹ́rìn-ín. "Eh, Ràímì! Obìnrin lo fẹ́ kó yẹ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ordinateur odindi, wò? Ó yá, tó bá ṣe tán, kó bá wa sè é." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ràímì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí ènìyàn fi ń bá oníbàárà rín.

Mo di ojú. Mo fi èékánná wọ́ ọ. Ọ̀pá náà dán, ó dán bí ẹyin. Ṣùgbọ́n níbi tó ti sanra pàdé ibi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí abẹ̀bẹ̀ yóò jókòó sí, èékánná mi kọ́.

N ó ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Igun tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ mú. A máa ń gbẹ́ ẹ kó ṣe kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ díẹ̀, bí inú ṣíbí. Tí igun náà bá mú ṣáṣá, bí aṣọ tí ènìyàn ti fi àlùmọ́gàjí gé létí ni: ibẹ̀ ni yóò ti ya lọ́jọ́ tí wọ́n bá fà á. Ràímì ti gbàgbé láti kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà pé kó yí igun yẹn. Kọ̀ǹpútà kò mọ odò, ohun tí wọ́n bá kọ fún un ló ń ṣe. Nọ́ńbà kan péré ni. Ká ní mo lanu, kí Tonton Bio tó rẹ́rìn-ín tán Ràímì ti tún un ṣe.

Mo la ojú. Mo wo ẹnu Tonton Bio tó ṣì là. Mo ní, "Ó dán."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Ẹ gbà mí gbọ́. Irin tí igun rẹ̀ mú kì í ṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó máa ń pẹ́, á máa ya díẹ̀díẹ̀ láti inú. Ohun tí mo rò ni pé yóò ṣẹ́ létí bèbè lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ọkọ̀ Tonton Bio tó kún fún iṣu, kí ojú tì í, kí ojú ti gbogbo wọn, kí wọ́n máa sáré bọ̀. Ràímì sì ti sọ pé a ò ní máa bá ọkọ̀ sọdá mọ́, pé ìyẹn ti di ti àtijọ́. Mo rò pé kò sí ẹnì kankan wa tó máa wọ ọkọ̀ yẹn.

Mo gbàgbé Bàbá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀ náà rìn, Bàbá pè mí. Wọ́n ti wọ jalabíà wọn, wọ́n ń wá fìlà. Wọ́n ní, "Kí ni èékánná rẹ sọ?" Mo ní, "Bàbá, Ràímì ní ẹ ò nílò láti lọ mọ́." Wọ́n ní, "Ràímì kọ́ ni mo bi. Mo ní kí ni èékánná rẹ sọ?" Mo ní, "Ó dán." Wọ́n ní, "Ó ti tó." Wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo sọ ọ́. Àwọn tó bá fẹ́ sọ pé ìbínú ìṣẹ́jú kan ló fà á, ẹ má fi ìyẹn tù mí nínú. Mo sùn lé e, mo jí, mo tún un sọ.

Mi ò lè jókòó. Mo yá alùpùpù lọ́wọ́ aládùúgbò, mo tẹ̀ lé wọn. Gbogbo ojú ọ̀nà ni mo ń sọ fún ara mi pé tí mo bá dé bèbè, n ó pariwo. Òjò ti rọ̀ púpọ̀ lọ́dún yẹn, odò ti kún, ó ń gbé igi àti koríko bọ̀ láti òkè. Mo dé. Ọkọ̀ ṣì wà létí bèbè. Ẹ gbọ́ o, ọkọ̀ ṣì wà létí bèbè. Bàbá ti jókòó sí iwájú, Tonton Bio wà nídìí ẹ́ńjìnnì, èrò dúró rẹpẹtẹ. Àwọn obìnrin kan ń bẹ̀rù omi, wọ́n ń sọ pé irin kọ̀ǹpútà yìí, àwọn ò tíì mọ̀ ọ́n.

Bàbá rí mi. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè, wọ́n nà án sí mi. Wọ́n pariwo kí gbogbo bèbè lè gbọ́ pé, "Ẹ má bẹ̀rù! Ọmọbìnrin mi yìí ló fọwọ́ bà á! Ìka rẹ̀ kì í ṣìnà!"

Gbogbo ènìyàn yí ojú sí mi. Tonton Bio náà yí ojú sí mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú èéfín àti epo, ọjọ́ yẹn ni bàbá mi kọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́ mi létí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí mo ti ń wá láti kékeré nìyẹn. Ó wá dé lọ́jọ́ tí kò yẹ kó dé, lórí ohun tí kò yẹ kó dé lé.

Ẹnu tí mo gbé wá láti fi pariwo, mo fi rẹ́rìn-ín. Mo juwọ́ sí wọn.

Wọ́n dé àárín odò. Igi kan tí omi ń gbé bọ̀ kọlu abẹ̀bẹ̀. Ká ní ọ̀pá ọwọ́ mi ni, ì bá tẹ̀, kò ní ṣẹ́. Èyí ṣẹ́ ní igun yẹn gan-an. Ọkọ̀ yí ìbú, omi gbé e, ó lọ kọlu ẹ̀ka igi kan tó ti wó sínú odò. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún láti fi ti igi náà kúrò lára ọkọ̀. Ọwọ́ náà há.

Kò sẹ́ni tó kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí di òní pé kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún Bàbá kúrò ní ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹun nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ jáde, Ràímì wo ibi tí ọ̀pá ti ṣẹ́. Ó mọ ohun tó ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó dúró láàárín àwọn atukọ̀ tó fẹ́ lù ú, ó ní, "Àṣìṣe mi ni. Mo gbàgbé nọ́ńbà kan." Tonton Bio wá yí sí èmi, ó ní, "Ìwọ tó o fọwọ́ bà á ńkọ́?" Kí n tó lanu, Ràímì ti dáhùn. Ó ní àléébù náà kéré débi pé èékánná kankan ò lè mú un. Lẹ́yìn náà ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín lẹ́bi. Èmi ni mo kó yín sí i."

Ó tù mí nínú. Ẹ kà á dáadáa. Òun ló tù mí nínú, èmi sì jẹ́ kó tù mí.

Wọ́n ní ẹni tó bá bímọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ mọ́. Èmi ni mo bí tèmi, àbúrò mi ló ń pọ̀n ọ́n láti ọjọ́ náà. Bàbá ní àwọn ò fẹ́ rí i nílé. Wọ́n ní ọmọ tó fi ẹ̀rọ gé ọwọ́ bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ. Àwọn atukọ̀ ní tí ẹ̀rọ yẹn bá ṣì wà ní Tchaourou, àwọn ò ní gba ibẹ̀ kọjá. Ó di ẹrù rẹ̀, ó di ẹ̀rọ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Porto-Novo. Níbẹ̀, àwọn apẹja ojú ọ̀sà ń to ìlà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ báyìí, àwọn ọ̀pá rẹ̀ kò sì ṣẹ́ rí. Ẹ̀rọ náà dára. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà dára, ọmọ tó ni ín dára.

Èmi ńkọ́? Ẹ fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi? Mo jèrè. Bàbá kò ní ọwọ́ ọ̀tún mọ́, àwọn atukọ̀ sì ti bínú sí kọ̀ǹpútà, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè yà sí. Wọ́n wá mọ̀ pé èmi ni mo ń gbẹ́ ẹ. Òfin obìnrin àti odò tí wọ́n ń pariwo, ó pòórá láàárín ọjọ́ kan, kò sẹ́ni tó bi í pé níbo lò ń lọ. Iwájú atelíè ni mo ń jókòó sí báyìí. Tonton Bio ń pè mí ní Tata Patronne, Àǹtí Ọ̀gá, ó ń mú àgbàdo tuntun wá fún mi. Tó bá ti ń rẹ́rìn-ín sí mi báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n ju òòlù lù ú. Tó bá yá, màá rántí pé èmi ni mo yẹ kí n ju òòlù lù.

Ràímì kò yé pè mí. Owó oògùn Bàbá, òun ló ń fi ránṣẹ́ gba ọwọ́ mi, Bàbá kò sì mọ̀. Ó máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ kò bú mi nínú ilé yẹn. Ọlọ́run yóò san án fún yín." Ẹ̀ẹ̀kan ni mo já fóònù lé e létí, mo wá sọ pé rẹ́sò, ìyẹn nẹ́tíwọ̀kì fóònù, kò dára. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ sàárè yẹn, ó sunkún lórí fóònù bí ọmọdé. Ó ní òun á ta ẹ̀rọ náà, òun á wá dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kí n ṣáà bá òun bẹ Bàbá.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dójú ẹ̀. Mo lọ bá Bàbá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Mo ní èékánná mi kọ́. Mo ní mo mọ̀, mo sì dákẹ́.

Bàbá tẹ́tí títí mo fi sọ tán. Wọ́n wá fi ọwọ́ òsì wọn pa mí lórí. Wọ́n ní, "Ràímì ló rán ọ."

Mo ní, "Bàbá, kò rán mi."

Wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa ni ọ́. O fẹ́ kí àbúrò rẹ wọlé, o wá fẹ́ gba ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ rù. Ìwọ? Kí o mọ̀ pé irin yẹn yóò ṣẹ́, kí o máa wò mí kí n gun ọkọ̀? Mo mọ ọmọ mi. Má tún sọ ọ́ mọ́."

Mo búra. Wọ́n ní kí n má fi Ọlọ́run búra lórí irọ́. Mo sunkún. Wọ́n ní kí wọ́n fún mi lómi.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ò lè mọ bí ìbínú yẹn ṣe rí. Nígbà tí iṣẹ́ mi dára, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi fún Bàbá. Nígbà tí mo wá dá ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi fún Ràímì. Kí wá ni tèmi láyé? Mo fẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Èmi ni mo ni ín, ẹ fún mi.

Ọ̀rọ̀ sàárè yìí ló sì ń dùn mí jù. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin kì í wọ sàárè. Bó ti wù kí n jẹ́ ọmọ rere tó, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lọ gba òkú bàbá mi. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó lè ṣe é, èmi ni mo dí ọ̀nà mọ́ ọn. Tí Bàbá bá lọ lónìí, àwọn àjèjì ni yóò gbé wọn sílẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ. Mi ò sọ ọ́ fún Bàbá pàápàá, ojú tì mí. Mo fẹ́ fò ó lọ́dọ̀ yín náà, ṣùgbọ́n kí ni mo wá ń jẹ́wọ́ fún?

Lọ́jọ́ tí mo sọ pé ó dán, kí Bàbá tó lọ sí odò, mo mú àgékù irin tí Ràímì gé ọ̀pá Tonton Bio lára rẹ̀, mo gbé e sórí ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ mi, mo sì gbẹ́ irú ọ̀pá kan náà. Mo yí igun rẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ kó wà nílẹ̀, kó jẹ́ pé tí èyí tó wà lára ọkọ̀ bá ṣẹ́, tí wọ́n bá sáré dé, n ó kàn gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ ń rí i? Mo ti ń retí rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ Bàbá wá bá a lọ, mi ò lè tà á. Abẹ́ ibùsùn mi ló wà láti ìgbà náà.

Irú irin yẹn, kò sí ní Tchaourou kí Ràímì tó dé. Ó ní àmì tí wọ́n lù sí i nídìí láti ibi tó ti wá. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, Ràímì kó gbogbo èyí tó kù lọ, kò sì sí ìgbà tí mo tún rí irú rẹ̀. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá gbé ọ̀pá yìí lé wọn lọ́wọ́ òsì, wọ́n á fi ìka wá àmì náà, wọ́n á rí i. Wọ́n á fi èékánná wá igun náà, wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ mi ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n á mọ ìgbà tí mo gbẹ́ ẹ, pé mo ti mọ̀ pé ti Ràímì yóò ṣẹ́. Wọn ò ní sọ pé mò ń gba ẹ̀ṣẹ̀ rù mọ́.

Ara Bàbá kò le. Àwọn ènìyàn lè sọ pé mo tún fi èyí pa wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi: ṣé kí bàbá mi kú pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn lórí irọ́ ni, àbí kí wọ́n mọ òtítọ́, kó sì bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ dójú ikú? Mo ti bi ara mi títí. Ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Sùúrù ni mo fi bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Mo pe Ràímì láàárọ̀ yìí. Mo ní kó máa bọ̀. Ó ní, "Bàbá ti gbà?" Mo ní kó ṣáà máa bọ̀. Ó ti wọ mọ́tò, ó ti fi àwòrán iṣu tó rà fún Bàbá ní Glazoué ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀pá náà wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti nù ún.

Ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi kọ́kọ́ wọlé.